Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Fíìmù Ṣaworoidẹ

Fíìmù kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ òní, èyíinì ni Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1999. Kì í ṣe aṣọ tàbí ijó inú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń bá ara wọn sọ.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnká ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, púpọ̀ nínú wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, olúkúlùkù yóò sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n bọ́ sínú sinimá, láti nǹkan bí ọdún 1976, àṣà yìí bá wọn wọ ibẹ̀. Ó ní adùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n a máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ni ó kọ Ṣaworoidẹ, òun kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú àtayébáyé kan so adé idẹ pọ̀ mọ́ ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́. Ọba tí kò bá ṣe ètùtù, tí ó sì dé adé náà, bí ìlù bá dún sí i, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité kọ ètùtù náà nítorí pé kò ní jẹ́ kí ó fi ipò kó ọrọ̀ jọ. Ìbọn ni ó fi dá àwọn àgbà lóhùn. Láti ìgbà náà, àṣẹ àti ìhàlẹ̀ ni ó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wá wo Ọ̀pálábá, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Inú ààfin náà ni ó jókòó sí, òótọ́ ni ó sì ń sọ níṣojú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó fi òwe àti àwàdà wé e débi pé àwọn tí ó ń bá wí gan-an ń bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń wí pé òwe pọ̀ jù nínú fíìmù yìí. N kò gbà. Láti òpin ọdún 1983 títí di May 29, 1999, ológun ni ó ń ṣe ìjọba ní Nàìjíríà, àyàfi oṣù díẹ̀ ní ọdún 1993. A ti ilé ìwé ìròyìn pa, a ju oníròyìn sẹ́wọ̀n. Ní November 10, 1995, a so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òwe kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí àwọn ará Jogbo sì dìde sí àwọn agégẹdú tí ń ba igbó wọn jẹ́, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Ìṣọ̀lá ti kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Fálétí ti kọ Baṣọ̀run Gáà, ìwé méjì lórí alágbára tí ó tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti àwọn ọmọ ilé mi tún un wò. Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọ̀pálábá sọ̀rọ̀ kan, mo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú wò mí. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu. A wò ó títí dé ìparí, níbi tí Lágàta, ọmọ ogun tí ó gba ìtẹ́, ti dé adé náà, tí ìlù sì dún, tí ó di orí mú. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn béèrè pé, “Bàbá, kí ni ìlù yẹn ń wí?”

Mo ní kí wọ́n dá a padà, kí a tún un gbọ́.