Kí Fọ́sífeètì Tó Já: Àríyànjiyàn Lórí Olú Amúniríran

Gbólóhùn kan ti di àkọ́sórí láàárín àwa tí à ń kọ́ni nípa olú amúniríran: pé psilocybin inú olú náà ló ń so mọ́ 5-HT2A, ibi tí serotonin máa ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, nínú ọpọlọ. N kò gbà. Psilocybin tí Albert Hofmann yọ jáde ní 1958 gbé fọ́sífeètì dání, fọ́sífeètì yìí kì í sì í jẹ́ kó rí ọ̀nà gba inú ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Énsáìmù alkaline phosphatase inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló ń gé e dànù. Ohun tó kù, psilocin, ló ń dé ọpọlọ.

Wọ́n á ní orúkọ lásán ni mò ń jà sí. Ta ní í pe iṣu tútù ní iyán? Horita àti Weber ti rí i ní 1961 pé ẹran ara ẹranko ń gé fọ́sífeètì náà. Lẹ́yìn náà ni Horita kọ́kọ́ fún eku ní beta-glycerophosphate, kí alkaline phosphatase lè rí nǹkan mìíràn gé, kó tó fún wọn ní psilocybin. Ohun tí ì bá ṣe eku kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n. Psilocybin wà nínú wọn o! Díẹ̀ nínú wa ló ń tọ́ka sí àbájáde yìí.

Lórí 5-HT2A fúnra rẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà: Vollenweider fi oògùn ketanserin dí i ní 1998, ìran kò sì wá. Ṣùgbọ́n serotonin tiwa ń so mọ́ ọn tọ̀sán-tòru, a kò ríran. Ó ṣeé ṣe kí Vargas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ (2023) ti rí ìdí: 5-HT2A mìíràn wà nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí psilocin lè wọ̀, tí serotonin kò lè dá wọ̀. Lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì àti eku ni wọ́n lò, bí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń hù ni wọ́n sì ń wá, kì í ṣe ìran.

Ìbéèrè kan tún kù nílé: ṣé irú olú yìí ń hù ní Lọ́kọ́ja, níbi tí màlúù ti ń jẹko létí Odò Ọya? Psilocybe cubensis fẹ́ràn ìgbẹ́ màlúù. Oúnjẹ, oògùn àti ìtàn ìwáṣẹ̀ ni Oso gbájú mọ́ nígbà tó kọ̀wé lórí olú láàárín àwọn Yorùbá ní 1975 àti 1977. Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ olú.

Bí ó bá jẹ́ pé ara ló ń ṣe psilocin, ara ta ni wọ́n wò? Michaels àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ (2018) ka ènìyàn 282 nínú ìwádìí ìwòsàn tí wọ́n fi oògùn amúniríran lóríṣiríṣi ṣe láti 1993 sí 2017: aláwọ̀ funfun lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá 3. Títí ẹnì kan yóò fi wọn bí fọ́sífeètì ṣe ń yára já nínú ìfun àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, Ebira, Nupe àti Ígálà tó wà ní Lọ́kọ́ja, mílígíráàmù 25 psilocybin tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ìsoríkọ́ nínú ìwádìí kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún ará Lọ́kọ́ja kankan.