Pléètì Bàbà tí Wọ́n Hú ní Ìtòkú

Bí wọ́n bá hú ohunkóhun tó jọ irin ìtẹ̀wé nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, orúkọ Townsend ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. N kì í bá wọn wí. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ìlú náà ní 1854. Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, wọ́n kó ilé míṣọ́n, ohun èlò ìtẹ̀wé náà kò sì yè. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń retí kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá pọ ohun tó gbé mì.

Èmi to lẹ́tà òjé ní Ṣómólú títí òfúsẹ́ẹ̀tì fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Irin ni mo máa ń wò kí n tó gbọ́ ìtàn.

Èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti ibi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. “Bàbá, ẹ bá mi wo èyí.” Ó ti fi yanrìn fọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, bí ẹni fọ ìkòkò. Mo bú u díẹ̀.

Mo gbé e wò lọ́wọ́ ná. Òjé tí wọ́n po mọ́ tánganran àti antimony la fi ń da lẹ́tà, òun náà la fi ń da odindi ojú ìwé nígbà tí a bá ti fi bébà tútù tó nípọn tẹ àwòkọ lẹ́tà títò. Ìyẹn wúwo, ó sì máa ń dúdú bí eérú. Èyí fúyẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé, ibi tí yanrìn ti họ ọ́ sì pọ́n: bàbà ni. Ihò ìṣó wà létí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti kàn án mọ́ igi rí, ikán ló jẹ igi náà tán. Igi yẹn ló ń gbé pléètì ga dé ibi tí lẹ́tà ga dé, tíí ṣe 0.918 ínṣì. Bí ó bá rẹlẹ̀, yíǹkì ò ní kàn án; bí ó bá ga jù, yóò lu bébà.

Ó ku ojú rẹ̀. Òdì ló kọ, bó ti yẹ, ohun tó wà lára rẹ̀ sì yọrí sókè. Ká ní wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú bàbà ni, kí yíǹkì máa dúró nínú ihò, iṣẹ́ àwọn tó ń tẹ owó bébà ni ìbá jẹ́. Pléètì òfúsẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Alumínọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ nìyẹn, a sì máa ń kà á tààrà láìlo díńgí.

Mo mú awò mi. Ojú ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nínú agbádá, àmì tótòtó ló sì fi para pọ̀ látòkè délẹ̀. Gíláàsì tí ìlà dábùú ara wọn lójú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú fíìmù kí wọ́n tó ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sórí bàbà. Ásíìdì á wá jẹ àlàfo tó wà láàárín àmì kan àti èkejì. Ibi tí àmì bá ti tóbi, ibẹ̀ ló máa dúdú lórí bébà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Townsend parí sí. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọgbọ́n yìí tó tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán nínú ìwé ìròyìn ní 1867, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ sára igi fún un.

Lábẹ́ àwòrán náà, AIYE ṣì hàn ketekete. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ẹ má gbára lé ìyẹn jù ṣá o: ohun tí oníbàárà bá kọ wá là ń tò, àwọn àgbà oníbàárà ò sì jáwọ́ nínú “aiye” dòní. Lójú tèmi, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tàbí ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n ṣe é fún, láàárín 1930 sí 1965. Bàbà tó yẹ kí wọ́n tà níwọ̀n ni. Ẹnìkan ló sọ ọ́ nù, òun la fi rí i.

Ẹni tó bá ń wá ti Townsend, lẹ́tà òjé ni kó máa wá nínú erùpẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní ojú ìlà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìka ẹni tó ń tò ó lè mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìwò ó. Wọn kò ní tóbi, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ á sì máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ.

Mo fi yíǹkì ra ojú pléètì náà, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á. Onílẹ̀ ibi tí wọ́n ti hú u ṣì ń bá mi jiyàn lórí fóònù pé ti Townsend ni. Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i, mo ní kó wo fìlà abetí-ajá tí Townsend dé.