Ìtọ́jú Kan, Àpò Méjì: Ìtàn Ọkọ̀ Áńbúláǹsì Oníná Mànàmáná ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ áńbúláǹsì ní ẹkùn West Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ kan jáde tí kì í mu epo rárá. Bátìrì ló ń gbé e rìn, ó sì lè rin ohun tó lé díẹ̀ ní 100 máìlì kí wọ́n tó tún fi iná sí i. Ní ọdún yẹn kan náà, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ náà, kéde pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2040, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò ní máa fi kún èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ mọ́. Òfin ọdún 2022 lórí ìlera àti ìtọ́jú sì ti ìpinnu náà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rí ọkọ̀ yìí bí ohun tí ojú kò rí rí. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ọdún 1899 ni àwọn oníṣòwò kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ áńbúláǹsì oníná mànàmáná ta ilé ìwòsàn Michael Reese lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ William McKinley ní ìlú Buffalo ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1901, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbé e lọ gba ìtọ́jú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1907 ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní City, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀. Ilé ìwòsàn St Bartholomew ni ibùdó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yan ọkọ̀ oníná kò fara sin: kì í pariwo, kì í gbo aláìsàn jìgìjìgì, awakọ̀ kò sì ní láti fi irin yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó tó gbéra.

Ọkọ̀ náà kò pẹ́ lójú ọ̀nà. Bátìrì tí wọ́n fi òjé ṣe wúwo púpọ̀, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí kí iná tó kún inú rẹ̀, kò sì lè rin ọ̀nà jíjìn. Láti ọdún 1901 ni epo rọ̀bì ti ń tú yaya ní Texas; ní ọdún 1908 ni Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde; ní ọdún 1912 ni Cadillac fi ẹ̀rọ oníná tó ń jí ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, tí irin yíyí fi di ohun àtijọ́. Ohun tí ọkọ̀ oníná fi ń yangàn bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ elépo.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìtàn yìí dá lé, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbègbè City tí ọkọ̀ ọdún 1907 ń ṣiṣẹ́ fún kò ju nǹkan bí máìlì kan níbùú àti lóròó lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìyókù Lọ́ńdọ̀nù kò ní àṣẹ láti ná owó ìlú lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí òfin ọdún 1909 fi dé, ọdún 1915 ni ọkọ̀ tiwọn sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún 8 yẹn, ibi tí ènìyàn bá ṣubú sí ló ń pinnu ohun tí yóò gbé e. Ẹni tó fara pa ní ìhín ààlà rí ọkọ̀ oníná. Ẹni tó fara pa ní ọ̀hún lè bá ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì àwọn ọlọ́pàá. Ọgbọ́n ẹ̀rọ ti dé, ṣùgbọ́n àpò tí yóò sanwó rẹ̀ kò tíì ṣí fún gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ni àpò náà ṣí. Lọ́jọ́ náà ni NHS bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Aneurin Bevan, mínísítà ètò ìlera. Láti ìgbà náà, ó di ọ̀ranyàn fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ọkọ̀ áńbúláǹsì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni wọ́n kó iṣẹ́ náà lé NHS fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, àwọn tó ń rántí rẹ̀ kò sì pọ̀. Òfin yìí fòpin sí òfin àwọn aláìní àtijọ́, ó sì fi ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà ní, wọn á tó sọ iye tí yóò san.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fi ohun tí òfin méjèèjì ṣe hàn. Bí dókítà bá fún aláìsàn ní oògùn, ìtọ́jú ni. Bí ọmọ bá wẹ ìyá rẹ̀ arúgbó, tó fún un lóúnjẹ, tó sì mú un dìde lórí ibùsùn, ìtọ́jú náà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kó méjèèjì pọ̀. Èdè kò pín wọn. Òfin àti ìṣúná owó ló pín wọn. Egungun ìbàdí tó kán jẹ́ gbèsè ìjọba, àìlèdìde lẹ́yìn tí egungun ti jiná sì di gbèsè ẹbí.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìpín yìí tó fara hàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn tí àyà ń dùn tàbí tí a fura pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró de áńbúláǹsì fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 92 ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 18 ni ìlànà wí. Lára ohun tó fà á ni pé àwọn ọkọ̀ tò sílẹ̀ lẹ́nu ilé ìwòsàn pẹ̀lú aláìsàn nínú wọn, nítorí kò sí ibùsùn tó ṣófo nínú ilé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, nǹkan bí 13,000 ibùsùn ló wà lábẹ́ àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró de ẹni tí yóò tọ́jú wọn nílé tàbí àyè ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ìjọba ti ya 500 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 láti fi yanjú rẹ̀, ó sì tún fi 200 mílíọ̀nù kún un ní oṣù Kìn-ín-ní. Ọkọ̀ tó tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò lè yára ju èkejì rẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ bátìrì ni ó ń lò tàbí dísẹ́ẹ̀lì.

Wọ́n ti gbìyànjú láti pa àpò méjèèjì pọ̀. Ìgbìmọ̀ ọba kan dábàá ní ọdún 1999 pé kí ìtọ́jú ara àwọn arúgbó di ọ̀fẹ́. Scotland gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ Andrew Dilnot dábàá pé kí òdiwọ̀n wà fún iye tí ẹnikẹ́ni yóò san láyé rẹ̀. Ìjọba ṣòfin lórí rẹ̀, ó sún un síwájú, ó fi 86,000 pọ́n-ùn ṣe òdiwọ̀n, ó tún sún un síwájú, ó sì pa á tì ní oṣù Keje ọdún 2024. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n kéde ìgbìmọ̀ mìíràn lábẹ́ Louise Casey, tí àbọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn kò ní jáde ṣáájú kí ọdún 2028 tó sún mọ́ tòsí.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wẹ arúgbó. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilẹ̀ náà ṣílẹ̀kùn ìwé ìwọlé fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí èrò wọn pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Àgbà ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tí ìtàn yìí sọ ń mu ọmú ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ìyá ọmọ náà ń dàgbà nílé láìsí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n má ra ọkọ̀ tí kì í tú èéfín. Atẹ́gùn tó mọ́ wà lára ìlera. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún 1907, ààlà agbègbè ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ oníná gba gbogbo ènìyàn. Lónìí, ààlà àárín àpò méjì ni kò jẹ́ kí ó tètè dé. Ìjọba tó bá ń ṣírò owó ọkọ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn arúgbó tó ti gbádùn, tó sì ń dúró kí ẹnìkan wá mú un lọ sílé.