Ìtàn Ińsúlíìnì àti Ìmọ̀ nípa Gíláǹdì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí ènìyàn ṣe wá mọ̀ pé àwọn gíláǹdì kan ń da omi wọn sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá jù lọ èyí tó jẹ mọ́ àrùn àtọ̀gbẹ. Ó ti mọ́ni lára láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì pé Banting àti Best ló wá ińsúlíìnì rí láàrin oṣù díẹ̀. Èrò tiwa ni pé ìtàn náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ gígùn rẹ̀ yóò kàn há orúkọ gíláǹdì sórí ni, kò ní mọ iṣẹ́ wọn. Kí á tó tẹ̀ síwájú, ‘gíláǹdì’, ‘họ́mọ́ònù’ àti ‘páńkíríásì’ ni a ó máa lò, nítorí pé ohun tí à ń gbọ́ ní wọ́ọ̀dù nìyẹn.

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àrùn titun. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un sọ ohun tí ojú rí: aláìsàn ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Orúkọ tí àwọn ará Gíríìkì fún un náà tọ́ka sí omi tí ń gba ara kọjá. Ní Íńdíà àtijọ́, wọ́n ṣàkíyèsí pé èèrà a máa bo irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló rí ìtọ̀. Kò sí èyí tó mọ ibi tí àrùn ti ń wá.

Ní 1869, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Berlin, Paul Langerhans, fi ẹ̀rọ amóhun-tóbi wo páńkíríásì, ó sì rí àwọn ṣẹ́ẹ̀lì tó ṣù jọ káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù. Kò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ní 1889, ní Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríásì ajá kan. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ lemọ́lemọ́, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà wo wá ni ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn ń gbà ṣàkóso ṣúgà gbogbo ara? Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà, iṣan tó ti ọpọlọ wá ló ń jíṣẹ́ láàrin ẹ̀yà ara. Lóòótọ́, Arnold Berthold ti fi àkùkọ ṣe àyẹ̀wò ní Göttingen ní 1849. Àkùkọ tó bá tẹ̀ lọ́dàá a máa pàdánù ogbe ńlá àti kíkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbin kóró ẹpọ̀n sí nínú ikùn, níbi tí iṣan rẹ̀ àtijọ́ kò sí, ń kọ, wọ́n sì ń jà. Àwọn onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ó di 1902 kí William Bayliss àti Ernest Starling tó fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìfun kékeré a máa da ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń pàṣẹ fún páńkíríásì, bí a tilẹ̀ gé iṣan ìfun náà kúrò. Ní 1905, Starling pe irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní họ́mọ́ònù. Ẹ̀jẹ̀ ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí èyí bá yé, ẹ̀kọ́ gíláǹdì yòókù kò ní ṣòro fún un.

Ní Toronto ní 1921, Frederick Banting, oníṣẹ́ abẹ, àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ajá nínú yàrá ìwádìí J. J. R. Macleod. Nicolae Paulescu ti Romania náà tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. A kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1922, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Omi náà kò mọ́, àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan, ojú abẹ́rẹ́ sì wú. James Collip ló fọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wálẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1923, Banting àti Macleod nìkan ni wọ́n dárúkọ. Banting pín owó tirẹ̀ fún Best, Macleod pín tirẹ̀ fún Collip. Bí wọ́n ṣe pín owó yìí bá òtítọ́ mu ju bí a ṣe pín ẹ̀bùn lọ.

Ṣáájú èyí, oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú: ìlànà Frederick Allen ní New York a máa fi ebi fa ẹ̀mí aláìsàn gùn díẹ̀. Ińsúlíìnì fòpin sí ebi yẹn, ṣùgbọ́n kò wo àrùn náà sàn. Collip ti rí i lára ehoro pé bí ó bá pọ̀ jù, gìrì a mú ẹranko náà, ṣúgà ló sì ń jí i. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: kí ó wọn oògùn, kí ó rí i pé oúnjẹ tẹ̀ lé e, kí ó sì dá òógùn, gbígbọ̀n àti ọ̀rọ̀ tí kò dọ́gba mọ̀ kí aláìsàn tó dákú. Ní Boston, Elliott Joslin fi àwọn nọ́ọ̀sì ṣe olùkọ́ aláìsàn, nítorí pé aláìsàn ni yóò máa gún ara rẹ̀ nílé.

Elizabeth Hughes wọ bí kílò 20 nígbà tó dé Toronto ní oṣù Ògún 1922, tí ó ń pé ọmọ ọdún 15. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sì ń gba abẹ́rẹ́ náà títí ó fi kú ní 1981.