Ìbọn Ọdẹ Ẹran Ńlá ní Kàbà
Ní ilẹ̀ Òkun, láàrin àwọn Ọ̀wẹ́ tí wọ́n ni Kàbà, ṣakabùlà, ìbọn tí a ń ki ètù àti ọta sí láti ẹnu, ni ọdẹ fi ń pa ẹran ńlá. Nítorí pé inú ihò rẹ̀ dán, tí kò ní ìlà tó ń mú ọta yí bó ṣe ń jáde, ọta tètè ń yà, ọdẹ ẹfọ̀n sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran gan-an, kó ki irin ńlá dípò ọta wẹ́wẹ́ tó tó pa ẹtu. Ìbọn ìgbàlódé tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 dènà fún ọmọ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ìbọn Maxim ni ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, gbé rin ìrìn ogun Kàbà ní 1897. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.