Àká Kíkún àti Àká Òfìfo

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣíṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà ni a ń tò pọ̀ kí ọkọ̀ kan tó pé. Bí ẹyọ kan bá sì wọ́n, iṣẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà méjì tí a ti gbà dènà ọ̀wọ́n yìí.

Èkíní ni ọ̀nà àká kíkún. Ní ọdún 1913, Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lórí ìlà tí ń rìn ní Highland Park, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e a máa rọ ẹ̀yà kan náà lọ́pọ̀ yanturu, wọn a sì kó wọn jọ de ọjọ́ àìní. Ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó sùn sínú àká kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn, àbùkù ara ẹ̀yà a sì pẹ́ kí ó tó hàn.

Èkejì ni ti ilẹ̀ Jàpáànì, tí òṣì bá lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945. Kiichiro Toyoda, tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀ ní ọdún 1937, ti fẹ́ kí ẹ̀yà máa dé ní àkókò tí a nílò rẹ̀ gan-an. Taiichi Ohno ni ó sọ èrò náà di ìṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá lo ẹ̀yà inú àpótí kan, páálí pélébé ara àpótí náà a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rọ ọ́. Iye tí a lò ni òun náà yóò sì rọ, kò lé, kò dín.

Ọjọ́ ewu dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní Kariya, níbi tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo irú ẹ̀yà bíréèkì kan tí Toyota ń lò ti ń wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlà Toyota dákẹ́. Nígbà náà ni ilé-iṣẹ́ púpọ̀, títí kan èyí tí ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rọ ẹ̀yà náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ fi tún ń jáde.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ti ọdún 2011, àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí í ṣe ọpọlọ ọkọ̀ wọ́n, kò sì sí aládùúgbò tí ó lè rọ wọ́n kíákíá. Láti ìgbà náà ni Toyota ti ní kí àwọn tí ń tà wọ́n fún un máa tọ́jú èyí tí ó tó oṣù 2 sí oṣù 6 pamọ́.

A rí i báyìí pé ọ̀nà kan kò borí èkejì nínú ohun gbogbo. Ohun tí aládùúgbò lè bá wa ṣe kíákíá kò fẹ́ àká ńlá. Ohun tí ó ń gba oṣù púpọ̀ kí ó tó wà, kí a tọ́jú rẹ̀ kí ọjọ́ ewu tó dé.