Bí Makirofóònù Kéékèèké Ṣe Wọ Inú Àkọ́díọ̀nù

Lọ́dún 1829 ni Cyrill Demian, tí í ṣe oníṣẹ́ dùùrù ní ìlú Vienna, gba ìwé àṣẹ lórí ohun-èlò orin kan tí ó pè ní àkọ́díọ̀nù, èyí tí ẹwìrì àárín rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sára ọ̀pọ̀ ahọ́n irin tín-ín-rín, tí olúkúlùkù sì ń ké ohùn tirẹ̀. Ohun-èlò náà rìn títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ I. K. Dairo, ẹni tí a bí ní Ọ̀fà Ìyèrú Òkín, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, tí ó mú un wọ agbo jùjú, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn títí Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963.

Ṣùgbọ́n bí àkọ́díọ̀nù ti dùn tó, wàhálà ni ó jẹ́ fún ẹni tí yóò gbé ohùn rẹ̀ sí lásípíkà, nítorí pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ni ohùn ti ń jáde, apá òsì tí béèsì wà kì í sì í dúró lójú kan, ẹwìrì a máa gbé e lọ, a máa gbé e bọ̀. Bí makirofóònù kan ṣoṣo bá wà níwájú rẹ̀, ahọ́n tí ó sún mọ́ ọn a ké ju bó ti yẹ lọ, ti ọ̀nà jíjìn a sì rẹlẹ̀. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Ẹni tí ó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà ni James West, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní Farmville ní ìpínlẹ̀ Virginia, òun àti Gerhard Sessler ará Jámánì, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs. Ní 1962, wọ́n ṣe makirofóònù tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ti gba iná mànàmáná sára, tí iná náà kì í sì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, irú rẹ̀ kéré dé ìwọ̀n bọ́tìnnì ẹ̀wù, bátìrì kékeré sì tó o.

Ìgbà náà ni oníṣẹ́ tó lè ṣí ìdérí ojú àkọ́díọ̀nù, kí ó to irú makirofóònù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà sẹ́yìn rẹ̀ ní ọgbọọgba, kí ó fi fóòmù tẹ́ abẹ́ wọn kí ariwo bọ́tìnnì má baà gba ara pákó wọlé, kí ó so wáyà gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, kí ó sì fi òmíràn sí apá òsì, pẹ̀lú wáyà tí ó gùn tó láti bá ẹwìrì lọ bọ̀.

Ẹni tí ó mọ inú rò ni í mọ ọpẹ́ dá. Bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ Dairo, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ti James West pẹ̀lú.